Ọwọ́ Tí Ọ̀gá Nà Sókè

Ní Mọníyà, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa,
tírélà kan fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ bí ẹṣin tó ti rẹ̀.
Oògùn kòkòrò ló kó, ti àwọn olóko kòkó,
dúrọ́ọ̀mù mẹ́rìnlélógún; mẹ́ta ti fọ́.
Ó ń ṣàn lọ́ra-lọ́ra lójú títì,
ó ní àwọ̀ tíì tí kò ní mílíìkì,
ó ń rùn bí aáyù tí wọ́n gún sínú kẹrosíìnì.
Adìyẹ ìyá kan ló kọ́kọ́ kú.
Kò sẹ́ni tó ka ti adìyẹ sí.

A bẹ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ pánápaná, rọ́bà omi ti wà léjìká mi.
Mo rí ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀, Jẹ́lílì ni wọ́n ń pè é,
ó jókòó ti táyà, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì sunkún,
itọ́ ń hó lẹ́nu rẹ̀,
ẹran ara rẹ̀ ń jó lábẹ́ awọ
bí ẹni pé èèrà ń kọjá níbẹ̀.
Mo ní kí n sáré.
Ọ̀gá Fágbèmí na ọwọ́ sókè.

"Dúró."

Ṣé ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe wúwo tó
létí ẹni tí ìyá rẹ̀ kọ́ pé
ẹni tó gbọ́ "ẹ gbà mí" tó dúró wòran, kì í ṣe ọmọ èèyàn?
Ọ̀gá ń wo èéfín ìdí àkàrà lẹ́bàá ọ̀nà,
ó ń wo ibi tó tẹ̀ sí.
"Afẹ́fẹ́ ń gbé e bọ̀ wá bá wa. Ẹ jẹ́ ká gba ẹ̀yìn rẹ̀ yọ.
Òkú méjì ò lè gbé ara wọn."

A yí po, a gba oko ẹ̀gẹ́ ẹlòmíràn kọjá.
Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Mo kà wọ́n.
A wọ aṣọ rọ́bà, a wọ ìbọ̀wọ́ alápá gígùn, a bo imú, a bo ojú;
èémí ara mi ń dún létí mi bí ẹwìrì.

Àwọn èèyàn ti ń bọ̀ pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì.
Bẹ́ẹ̀ ni, kẹ́ẹ̀gì àti abọ́ ìbomi.
Ìyá kan ní ìdun ò jẹ́ kí òun sùn láti oṣù méjì,
Ọlọ́run ló ta òun lọ́rẹ.
Òmíràn gbé epo pupa wá, kí ọmọ náà mu ún,
ó ń bú wa pé a ò láàánú.
Mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo gba ìgò náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Omi niṣẹ́ wa. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń da omi sí nǹkan.
Lọ́jọ́ yẹn, ọ̀gá ní ká má da ẹ̀kán kan sójú títì,
torí gọ́tà ibẹ̀ ń ṣàn lọ sódò,
odò sì mọ ọ̀nà ilé gbogbo wa.
Yanrìn la fi dí ẹnu gọ́tà. A ránṣẹ́ sí sọ́mìlì Bódìjà,
wọ́n kó àádọ́rin àpò ìyẹ̀ igi wá:
igi tí a ti là, tí a rò pé ó ti parí iṣẹ́,
ló wá ń mu májèlé fún wa.

Jẹ́lílì nìkan la da omi sí.
A fi àlùmọ́gàjí gé ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, a gé ṣòkòtò,
a gé ìgbànú tó ní ẹ̀gbọ́n òun ló fún òun.
Ọṣẹ, omi, ọṣẹ, omi, títí dé abẹ́ èékánná.
Ó fi ọwọ́ bo ara. Ó ń tijú.
Ẹni tó ń tijú ṣì wà láàyè, ni mo wí fún ara mi.

Ní ọsibítù, Nọ́ọ̀sì Tóyọ̀sí gún un ní abẹ́rẹ́ atirópíìnì,
ó tún un gún, ó tún un gún,
ó ń fi tọ́ọ̀ṣì wo ẹyinjú tó ti kéré bí ojú abẹ́rẹ́.
Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó pè wá lórí fóònù:
"Ẹnu rẹ̀ ti gbẹ!"
A hó yèè. Àgbà pánápaná mẹ́rin,
à ń yọ̀ pé ẹnu ọmọ ọlọ́mọ gbẹ.

Awakọ̀ ò rí ìrọ̀lẹ́.

Mo délé. Mo ti wẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta,
síbẹ̀ mo bọ́ bàtà sẹ́nu géètì.
Ìbídùn, ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́ta,
fò sílẹ̀ lórí àga, ó ń sáré bọ̀, ó la apá méjèèjì.
Ọwọ́ mi ló na ara rẹ̀ sókè.
"Dúró."
Ó dúró. Ó ń wò mí bí mo ṣe wo ọ̀gá láàárọ̀,
bí ẹni pé n kò láàánú.